Kí Ọkọ̀ Tó Kúrò ní Abúlé Ẹ̀gbá: Ìtàn Ìrìnàjò Ẹlẹ́gbẹ́ àti Ẹnubodè Wa

Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti ń súnmọ́ etílé, ọ̀rọ̀ kan ni ó máa ń gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ so pọ̀ ní Agége, Ìkẹjà àti Abúlé Ẹ̀gbá. Wọn a ní kí ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún dá owó jọ, kí wọ́n rọ epo sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, kí wọ́n wà á gba Sángo àti Ìdírókò lọ sí Kútọnu àti Lomé, títí wọn yóò fi dé Accra. Èrò náà dára. Àwọn àgbà ló sọ pé bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó ń fọ́n ká kí ọkọ̀ tó gbéra. Àwọn mìíràn gbéra, wọ́n dé ẹnubodè, wọ́n sì padà pẹ̀lú ìbínú àti àpò òfìfo.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, kí ló fà á tí ìrìnàjò tí kò tó 500 kìlómítà fi ń le bí ẹní fẹ́ gun òkè? Ẹni tí ó bá sọ pé ọlọ́pàá ojú ọ̀nà nìkan ló fà á kò parọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ wa ní ìtàn, ìtàn náà sì gùn ju ọjọ́ orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí ohun tí àwọn baba ńlá wa máa ń ṣe kí wọ́n tó bọ́ sọ́nà. A ó sì rí ẹ̀tọ́ kan tí ó jẹ́ tiwa lónìí, tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé a ní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ òkèèrè díẹ̀. Ní àárín Yúróòpù ni àwọn òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Alps wà. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ kó sínú ọkọ̀ kan ní ìlú Munich ní Jámánì, kí wọ́n gba igun kan ilẹ̀ Austria kọjá, kí wọ́n la Switzerland já, kí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ sí Milan ní Ítálì. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọn yóò fẹsẹ̀ kàn, gbogbo ọ̀nà náà kò sì ju nǹkan bí 500 kìlómítà lọ. Láti Èkó dé Accra náà, orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni: Nàìjíríà, Olómìnira Benin, Tógò àti Gánà. Gígùn ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ yani lẹ́nu. Òkè àti yìnyín ló kún ọ̀nà tiwọn, pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí òkun ni tiwa. Ọ̀nà orí òkè Stelvio ní Ítálì ga tó 2,757 mítà lókè òkun, wọ́n sì máa ń tì í pa nígbà òtútù. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sí abẹ́ òkè San Bernardino fún ọkọ̀ gùn ju kìlómítà mẹ́fà lọ, ti Gotthard sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń wakọ̀ lọ sí Milan lè jẹun àárọ̀ ní Munich kí ó sì jẹun alẹ́ ní Milan. Àwa tí a kò ní òkè kankan láti gùn ni a ń sun ẹnubodè.

Kò ti ìbẹ̀rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn òkè yẹn fi jẹ́ odi láàárín àwọn ènìyàn tí ń bá ara wọn jagun. Napoleon fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí wọ́n la ọ̀nà Simplon láàárín 1800 sí 1805, kí àwọn ológun rẹ̀ lè rí ọ̀nà gbé ìbọn ńlá wọ Ítálì. Ẹ̀yìn ogun àgbáyé méjì ni wọ́n tó gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ihò abẹ́ òkè tí ọkọ̀ ń gbà lónìí. Ní 14 oṣù Òkúdù 1985 ni orílẹ̀-èdè márùn-ún fọwọ́ sí àdéhùn Schengen pé kí wọ́n yọ àyẹ̀wò kúrò ní ẹnubodè wọn, àwọn mìíràn sì ń dara pọ̀ mọ́ wọn títí ó fi kan Switzerland ní oṣù Ọ̀pẹ 2008. Irin iṣẹ́ ni wọ́n fi gbẹ́ òkè, àdéhùn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹnubodè. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń padà sílé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́, kò sí ọlọgbọ́n tí ń dá rin ọ̀nà jíjìn. Ẹgbẹ́ èrò ni wọ́n fi ń rìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá wà lára àwọn òpìtàn tí ó ti kọ̀wé lórí ètò yìí. Àwọn oníṣòwò, alágbàárù, ìyàwó àti ọmọ yóò péjọ sí ibi kan tí gbogbo wọn mọ̀, wọn yóò dúró de ara wọn títí wọn yóò fi pọ̀ tó, lẹ́yìn náà ni olórí èrò yóò kó wọn jáde. Àwọn tí ó mọ ìjà yóò wà níwájú àti lẹ́yìn. Olórí èrò ló mọ ibi tí omi wà, òun ló mọ ìlú tí wọ́n lè sùn, òun náà ló mọ bí a ti ń bá oníbodè sọ̀rọ̀.

Oníbodè kì í ṣe ọ̀tá èrò ní ti òfin. Owó ibodè ni ó ń gbà fún ọba tàbí fún àwọn ìjòyè, ẹni tí ó bá sì ti san án ní ẹ̀tọ́ sí ààbò títí yóò fi jáde kúrò ní ilẹ̀ náà. Nínú ìlú, onílé kan yóò gba àwọn èrò sílé, yóò bá wọn wá oníbàárà, yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí wọn bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kí èrò tó gbéra, ó ti mọ ìlú tí yóò gbà, iye tí yóò san, àti orúkọ ẹni tí yóò gbà á sílé. Èyí ni ètò ìrìnàjò tí a mọ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tún jẹ́ ohun ìjà. Ẹni tí ó bá ti ọ̀nà pa mọ́ ìlú kan ti fún ọrùn ìlú náà. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, láti lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà yìí wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú sì dá sí i. Láìpẹ́, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà náà dìde sí Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì. Títí di 1893 tí àwọn ọmọ ogun fi tú ká kúrò ní ibùdó, ọ̀nà láti òkè dé etí òkun kò dán mọ́rán fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì dì mú. Nígbà tí Ìjẹ̀bú kọ̀ láti ṣí ọ̀nà bí Èkó ti fẹ́, Gẹ̀ẹ́sì gbógun tì wọ́n ní Ìmàgbọn ní oṣù Èbìbí 1892. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Gómìnà Carter bá àwọn Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn pé ọ̀nà kò gbọdọ̀ di títì mọ́. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé, bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ìbọn ṣí ọ̀nà àríwá, ó ti fi lẹ́ẹ̀dì ti ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn. Ní oṣù Ògún 1889 ni òun àti Faransé jókòó, tí wọ́n pín ilẹ̀ láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́. Kétu àti Sábẹ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Abẹ́òkúta, Ìlaròó àti Ọ̀tà sì wà ní apá ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ará Ìdírókò kan tí wọ́n bi léèrè.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá wakọ̀ láti Abúlé Ẹ̀gbá gba Ọ̀tà dé Ìdírókò, tí ó sì kọjá sí Ìgólò àti Àjàṣẹ́, kò tíì kúrò láàárín àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè rẹ̀. Nínú ọjà Àjàṣẹ́, Yorùbá rẹ yóò tà fún ọ. Bí o bá sì gba ọ̀nà òkè lọ títí dé Atakpamé ní Tógò, ìwọ yóò bá àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ànà, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan tiwa. Ẹnubodè tí ó ń dá wa dúró kò ya ẹ̀yà méjì sọ́tọ̀. Ńṣe ni ó gba àárín ilé kan kọjá.

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ yí ìrìn padà. Nígbà tí ó fi di 1901, ó ti ń ná láti Èkó, ó ń gba Agége àti Abẹ́òkúta kọjá lọ sí Ìbàdàn. Àwọn oko obì àti kòkó ní Agége àti Ìfakọ̀, nínú èyí tí oko Jacob Kẹ́hìndé Coker gbajúmọ̀ jù, rí ọ̀nà gbé irè wọn lọ sí Èkó. Ní 1906, wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn èyí ni bọ̀lẹ̀kájà dé, ọkọ̀ onípákó tí èrò jókòó kọjú síra wọn bí ẹní fẹ́ jà. Nínú bọ̀lẹ̀kájà ni ẹgbẹ́ èrò àtijọ́ ti para dà: awakọ̀ di olórí èrò, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ di asọ̀nà, gáréèjì sì di ibi ìpéjọ.

Abúlé Ẹ̀gbá, tí orúkọ rẹ̀ ń fi àwọn Ẹ̀gbá tí ó tẹ̀ ẹ́ dó hàn, jẹ́ abúlé oko lójú ọ̀nà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n la òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1970, abúlé di ìlú, oko di ilé iṣẹ́ àti ilé àwọn òṣìṣẹ́. Lónìí, afárá tí ìjọba Èkó ṣí níbẹ̀ ní 2017 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà lọ sí Ìjàyè, Alákukọ àti Tollgate, kí wọ́n tó wọ Sángo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní Sángo ni ọ̀nà ti yà: apá kan ń lọ sí Abẹ́òkúta, apá kejì ń lọ sí Ìdírókò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti Abúlé Ẹ̀gbá jáde, èyí ni ó yá jù fún un láti dé ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn ọmọ òde òní lè má mọ̀ pé ìyípadà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wà nínú ètò ìrìnàjò yìí nígbà kan rí. Ọwọ́ òsì ni àwa tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí ti ń wakọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ti Dàhọ̀mì àti Tógò. Ẹni tí ó bá ti Èkó lọ sí Accra ní 1971 yóò wa ọkọ̀ ní ọwọ́ òsì dé ẹnubodè Dàhọ̀mì, yóò bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, yóò la Dàhọ̀mì àti Tógò já, yóò sì tún padà sí ọwọ́ òsì ní Gánà. Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní 2 oṣù Igbe 1972, Gánà sì tẹ̀ lé e ní oṣù Ògún 1974. Ìpinnu yìí fi hàn pé nígbà tí ìjọba bá fẹ́ kí ọkọ̀ aládùúgbò méjì lè wọ ilẹ̀ ara wọn láìsí ewu, ó ṣeé ṣe.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ìjọba fi lé ènìyàn. Ní 18 oṣù Bélú 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀kẹ́ àìmọye Yorùbá ló wà níbẹ̀ nígbà náà, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbòho tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Wọ́n fi ilé, ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n gba Tógò àti Dàhọ̀mì wálé. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1983, Nàìjíríà náà ṣe tirẹ̀. Ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó kó ẹrù, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ará Gánà. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò pa, nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi há sí ojú ọ̀nà ní Benin àti Tógò títí Gánà fi ṣí i ní ìparí oṣù náà. Àpò aláṣọ pátápátá tí a ń pè ní "Ghana Must Go" títí di òní ni ó kù fún wa nínú ìrìnàjò yẹn.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ 1983 dunni jù ni pé òfin tí ó tako irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Èkó ni wọ́n ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní 28 oṣù Èbìbí 1975. Ní 29 oṣù Èbìbí 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ èkejì láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé ìlera tó péye. Ní 1982, wọ́n tún fọwọ́ sí àdéhùn káàdì aláwọ̀ ilẹ̀, ìyẹn ìwé adójútòfò tí ó ń jẹ́ kí ẹni tí ọkọ̀ àjèjì bá pa lára ní Tógò rí owó ìtọ́jú gbà gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ọkọ̀ Tógò ló gbá a. Ẹ wò ó pé èyí ṣáájú àdéhùn Schengen. Àwa la kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn aládùúgbò òkè Alps ló kọ́kọ́ mú un ṣẹ.

Láti ìgbà náà, ìwé ń sọ ọ̀kan, ẹnubodè ń sọ òmíràn. Ìjọba ológun ti ẹnubodè Nàìjíríà pa ní 1984, kò sì ṣí i títí di 1986. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2018, wọ́n ṣí ilé àyẹ̀wò alájọlò tuntun ní Sèmè, kí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Benin lè yẹ ìwé wò lábẹ́ òrùlé kan. Ọdún kan kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí Nàìjíríà tún fi ti ẹnubodè, ní oṣù Ògún 2019. Nígbà tí wọ́n ṣí Sèmè ní oṣù Ọ̀pẹ 2020, wọn kò ṣí Ìdírókò. Oṣù Igbe 2022 ni àṣẹ tó dé pé kí wọ́n ṣí i. Fún ọdún méjì ààbọ̀ ó lé, ọ̀nà tí ó yá fún ará Abúlé Ẹ̀gbá wà ní títì, àwọn olóńjẹ, onímọ́tò àti onílé ìtura ní ojú ọ̀nà Ọ̀tà sí Ìdírókò ni ó sì jẹ nínú ìyà náà jù.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn kan kò jókòó sílé. Ọlábísí Àjàlá gun alùpùpù Vespa yí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ká ní àwọn ọdún 1950 títí wọ ọdún 1960, ó sì kọ ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Orin Ebenezer Obey sì sọ orúkọ rẹ̀ di àpèlé fún gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Newton Jibunoh wa ọkọ̀ Volkswagen láti Lọ́ńdọ̀nù la aṣálẹ̀ Sàhárà wálé ní 1966, ohun tí ó sì rí nínú aṣálẹ̀ náà ló mú un dá ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti ìtànkálẹ̀ aṣálẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó yá. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní ọjọ́ 41 láti fi wá owó fún ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Pẹ̀lúmi Nubi gbéra láti Lọ́ńdọ̀nù nínú ọkọ̀ Peugeot kékeré ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Ó forí la ìjàǹbá ọkọ̀ kọjá ní Côte d'Ivoire, ó sì wọ Èkó ní 7 oṣù Igbe.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ìrìn wọn bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni àwọn ayàwòrán tí wọ́n pe ara wọn ní Invisible Borders. Ní 2009, Emeka Okereke àti àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó sínú ọkọ̀ kan ní Èkó, ó di Bamako ní ilẹ̀ Mali. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ sí Dakar. Ní 2011, wọ́n wakọ̀ lọ sí Addis Ababa, ní 2014 sì ni wọ́n kọjú sí Sarajevo ní Yúróòpù. Wọn kò lọ jẹ fàájì nìkan. Àwòrán ẹnubodè àti àwọn ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n ń yà, tí wọ́n ń fi han aráyé pé ìlà tí a fà sórí ìwé ní Yúróòpù ti di ìdènà gidi fún ẹni tí ó fẹ́ lọ kí aládùúgbò rẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ àwọn tí ń gbèrò àjò oṣù Ọ̀pẹ? Àkọ́kọ́ ni ìwé. Gẹ́gẹ́ bí owó ibodè ti jẹ́ ẹ̀rí ààbò láyé àtijọ́, ìwé tí ó pé ni ẹ̀rí tòde òní. Kí olúkúlùkù ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kí ó gba òǹtẹ̀ nígbà tí ó bá ń jáde àti nígbà tí ó bá ń wọlé, kí ó sì mú yẹ́lò káàdì dání. Kí awakọ̀ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kí ọkọ̀ ní gbogbo ìwé rẹ̀ pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ náà. Bí ọkọ̀ náà kì í bá ṣe ti awakọ̀, kí ẹni tí ó ni ín kọ̀wé fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá fi ìwé kan sílé ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ àánú ẹni tí ó bá pàdé.

Èkejì ni àkókò. Àwọn awakọ̀ orí òkè Alps mọ̀ pé yìnyín kì í bá ni ṣàwàdà, wọn a sì wo ọjọ́ kí wọ́n tó yan ọ̀nà. Àwa náà ní ọyẹ́ tí ń bo ojú ọ̀nà láàárọ̀ oṣù Ọ̀pẹ, a sì ní òkùnkùn tí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bàjẹ́ ń dúró sí láìtan iná. Láti 1988 tí wọ́n ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ni wọ́n ti ń kìlọ̀ nípa eré àsápajúdé àti ìrìn òru. Kí ọkọ̀ kúrò ní Abúlé Ẹ̀gbá ní ìdájí, kí ó lè kọjá ẹnubodè kí oòrùn tó mú.

Ẹ̀kẹta ni epo. Láti 29 oṣù Èbìbí 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jálá epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 500, kò sì dúró síbẹ̀. Èyí ń mú kí àwọn kan kó epo sínú kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ọkọ̀, tàbí kí wọ́n ra epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Benin. Kò yẹ kí ará Abúlé Ẹ̀gbá tún nílò ìkìlọ̀ lórí èyí. Ní òwúrọ̀ 26 oṣù Ọ̀pẹ 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, iná sọ níbi ọ̀pá epo tí wọ́n lu ní àdúgbò yìí, ó sì lé ní igba ènìyàn tí ó jóná mọ́ ibi tí wọ́n ti ń bu epo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò lè dá mọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ yẹn kò ní gbé kẹ́ẹ̀gì epo sẹ́yìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ẹni tí a jọ ń lọ. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún gbọ́dọ̀ lè ṣeré gba ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n yan olórí èrò kan tí yóò máa bá òṣìṣẹ́ ẹnubodè sọ̀rọ̀, nítorí ẹnu márùn-ún níwájú aṣọ́bodè ìjà ni. Kí wọ́n fi owó pajáwìrì pamọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan tí kì í ṣe awakọ̀, ní sẹfa àti sídì. Kí ẹni tí ó gbọ́ Faransé díẹ̀ wà láàárín wọn. Kí wọ́n sì mọ orúkọ ẹni tí yóò gbà wọ́n sílé ní ìlú kọ̀ọ̀kan, bí àwọn èrò àtijọ́ ti ń ṣe.

Gbogbo èyí wà lọ́wọ́ àwọn arìnrìnàjò. Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ ìjọba, ó sì yẹ kí a béèrè rẹ̀. Ní 2014, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire fọwọ́ sí àdéhùn láti kọ́ òpópónà ńlá láti Èkó dé Abidjan, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1,028 kìlómítà. Ọ̀nà tó dára wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò lè dí ihò tí ó wà nínú àdéhùn. Bí a bá kọ́ ọ̀nà oníhò mẹ́fà tí èrò sì ń sanwó tí òfin kò mọ̀ ní ibi àyẹ̀wò mẹ́wàá, a ti fi owó ńlá ra ìyà tí ó yára. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Ọ̀nà tí àwọn ayàwòrán Èkó gbà lọ sí Bamako ní 2009 kò sí lábẹ́ òrùlé kan mọ́. Èyí fi hàn pé ẹ̀tọ́ tí a kò lò, tí a kò sì jà fún, lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe fi ẹ̀rù ẹnubodè sọ àjò nù. Gbogbo ọkọ̀ tí ó bá fi ìwé tí ó pé kọjá ní Ìdírókò, tí àwọn inú rẹ̀ kọ̀ láti san owó tí kò ní rìsíìtì, ń rán àwọn tí ó wà níbẹ̀ létí ohun tí ìjọba wọn fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979. Ẹ ka àdéhùn náà kí ẹ tó gbéra, ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ sì fi í sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ yín.